Èsì: Rọ́bà imú kò dá ìhanrun dúró

Ìyá Ìbejì, ẹ ní rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ imú tí ẹ rà ní Ìdúmọ̀tà kò dá ìhanrun Bàbá Ìbejì dúró. Ihò imú nìkan ni rọ́bà yẹn ń là. Bó bá jẹ́ inú ọ̀fun ni ariwo ti ń wá, kò sí ohun tó lè ṣe sí i.

Ẹ dán èyí wò lálẹ́ òní. Kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n fi ìka méjì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò lẹ́bàá imú díẹ̀, kí wọ́n wá mí. Bí atẹ́gùn bá wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, imú ló há, rọ́bà lè wúlò. Bí kò bá yàtọ̀, ẹ má náwó sí i mọ́. Kí wọ́n máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn.

Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ imú lóde ni èmi ń lò ní Múṣin níbí. Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo ti fi òrí para kí n tó lẹ̀ ẹ́, mo sì lẹ̀ ẹ́ sórí egungun. Kílẹ̀ tó mọ́, ara ìrọ̀rí ló wà! Ẹ fọ imú, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tó rọ̀, lókè ihò imú gan-an.

Ṣùgbọ́n bí èémí wọn bá ń dá dúró lójú oorun, tí wọ́n ń ta gìrì bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, tàbí tí wọ́n ń tòògbé nídìí mọ́tò lórí afárá Third Mainland, ọ̀rọ̀ ti kọjá rọ́bà. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó tó wà ní Ìdí-Àràbà.