Pixel 4 mi kì í dá mi lóhùn bí mo bá juwọ́ sí i

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Onídìrí ni mí ní Yaba, ọwọ́ mi kì í gbẹ fún rílásà. Ẹni tó ta Pixel 4 tòkunbọ̀ fún mi ní Computer Village ní tí mo bá ti juwọ́ lókè rẹ̀, á gbé kọ́ọ̀lù. Mo juwọ́ títí, pàbó. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́, àǹtí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á ló ní àbùlà.

Ohun tó ń rí ọwọ́ nínú fóònù yẹn kì í ṣe kámẹ́rà, rédà ni. Soli ni Google sọ ọ́, ọdún 2019 ni wọ́n sì fi í sínú Pixel 4. Ó ń ju ìgbì rédíò 60 GHz jáde, èyí á lu ọwọ́, á sì padà. Ẹ rántí fèrè dánfó lójú ọ̀nà Herbert Macaulay: bó ti ń bọ̀, ohùn rẹ̀ á ga, tó bá ti kọjá, á wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì tó ń padà ṣe ń yí, ìyẹn ni fóònù fi ń mọ̀ bóyá ọwọ́ ń bọ̀ tàbí ó ń lọ. Ìgbì ọ̀hún kúrú, bíi mìlímítà 5 péré, nítorí náà bí ọwọ́ bá mì díẹ̀, ó ti hàn sí i. NEPA ìbáà múná lọ, kò kàn án.

Àmọ́ a kì í ju irú ìgbì yẹn láìgbàṣẹ. FCC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà, ló fún Google láyè níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn tí Google kà sílẹ̀ pé rédà náà á ti ṣiṣẹ́ nígbà tí fóònù náà jáde, bó bá sì ti wà níbi tí kò sí nínú wọn, ńṣe ló máa ń pa rédà náà fúnra rẹ̀. Ní Íńdíà, tìtorí ọ̀rọ̀ yìí ni wọn ò fi ta Pixel 4 rárá. Ẹ má wá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ tún un ṣe o!

Kódà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kì í gbé kọ́ọ̀lù. Ó ń pa ariwo kọ́ọ̀lù, ó ń dá áláàmù dúró fúngbà díẹ̀, ó ń fo orin. Lọ́dún 2020 tí Pixel 5 dé, wọ́n ti yọ rédà náà kúrò. Lójú tèmi, ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ tan Google Assistant, ohun tó ń gba àṣẹ lẹ́nu ẹni nínú fóònù. Bí fóònù bá dún, ẹ sọ pé “Hey Google, answer the call.” Tí ẹ̀rọ ìgbẹrun bá ń pariwo, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ara yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí.