Ẹ má tíì gba sertraline lọ́wọ́ Màmá

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ẹ ní láti ìgbà tí dókítà ti fún Màmá ní sertraline nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan, pé ẹnìkan sì ní serotonin, èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tí oògùn náà ń mú pọ̀ sí i ló ń ra wọ́n níyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé wa.

Serotonin kọ́ ni ọ̀tá ìrántí. Eric Kandel, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000, lo Aplysia, ẹranko inú òkun kan tó jọ ìgbín, fún ìwádìí rẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ́ kí iná gbé e nírù, serotonin á tú sórí àwọn iṣan ìmọ̀lára rẹ̀, ẹranko náà á sì máa rántí ewu. Nígbà tí wọ́n da serotonin fúnra rẹ̀ sórí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀kan, ipá rẹ̀ ò pẹ́ tó fi lọ. Nígbà tí wọ́n dà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí wọ́n ń sinmi láàárín, ó kọjá ọjọ́ kan, ìsopọ̀ tuntun tún hù. Àwa èèyàn náà, tí wọ́n bá fi oúnjẹ dín serotonin ẹnìkan kù, ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kì í fẹ́ dúró lórí.

Tiwa wá ńkọ́? Màmá mi á jókòó ti ìkòkò ẹ̀wà títí á fi jóná. Orúkọ àbúrò mi ni wọ́n ń pè mí. Ẹbí ní wọ́n ti ń ṣarán. Ẹ̀gbọ́n wọn ní ká máa fi dòdò bọ́ wọn, pé serotonin pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tí a bá jẹ kì í wọnú ọpọlọ. (Dòdò náà ṣáà dùn.)

Dókítà kan ló ní ká kó gbogbo oògùn wọn sínú láílọ́ọ̀nù wá. Oògùn ìfúnpá wọn, ọ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ èyí tó ń mú èèyàn tọ̀. Òun àti sertraline, méjèèjì lè fa sodium, ìyẹn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, wálẹ̀, pàápàá lára àgbàlagbà, ìyẹn sì lè da orí èèyàn rú. Piriton tí wọ́n ń lò kí wọ́n lè sùn tún wà níbẹ̀, òun náà ń da orí àgbà rú. Wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì E/U/Cr, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wo iyọ̀ ara àti iṣẹ́ kíndìnrín: sodium wọn jẹ́ 121, bẹ́ẹ̀ 135 ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù, wọ́n gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n pààrọ̀ oògùn. Orí wọn padà wálé.

Ẹ béèrè tẹ́ẹ̀sì yẹn. Tí Màmá bá ń bì tàbí tí wọ́n ń tòògbé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ. Ẹ tún rò ó bóyá ìgbàgbé náà ti wà kí oògùn tó dé, torí ìrẹ̀wẹ̀sì fúnra rẹ̀ ń fà á. Tramadol ńkọ́, ṣé wọ́n ń lò ó fún orúnkún? Òun àti sertraline ò bára wọn rẹ́ rárá. Oògùn ìfúnpá wo sì ni wọ́n ń lò?