Ẹ Béèrè, Ká Jọ Sọ Ọ́: Ìgbàgbọ́ Tójú Lè Rí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ìgbà tí mo sì kà wọ́n tán mo rí i pé ibì kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń yí po, mo wá mú mẹ́rin. Ti àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí òun ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mi kì í pa Sọ́ńdè jẹ, bẹ́ńṣì kan náà ni mo máa ń jókòó sí, tí wọ́n bá sì ti ka oore-ọ̀fẹ́ tán báyìí mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo gba Jésù gbọ́ tọkàntọkàn, mo ń ka Bíbélì, mo ń san ìdá mẹ́wàá. Àbúrò mi obìnrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sí ló bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Kí gan-an lẹ máa ń ṣe níbẹ̀?" Mo ní mo lọ sin Ọlọ́run ni. Ó ní, "Ó dáa, tẹ́ ẹ bá ti sìn ín tán ńkọ́?" Mi ò rí nǹkan kan sọ, látìgbà yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Ṣebí Bíbélì náà ló sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ la fi gbà wá là? Ṣé ìgbàgbọ́ inú ọkàn ò wá tó ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tó ò gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ohun tí àbúrò ẹ bi ọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gàn o, ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kẹ́nì kan máa bi gbogbo wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti Bíbélì. Òótọ́ lo sọ, Pọ́ọ̀lù là á mọ́lẹ̀ nínú Éfésù orí 2 ẹsẹ 8 àti 9 pé oore-ọ̀fẹ́ la fi gbà wá là nípa ìgbàgbọ́, kì í ṣe nípa iṣẹ́, kẹ́nikẹ́ni má baà ṣògo. Mi ò ní bá ẹ jiyàn lórí ìyẹn, orí ẹ̀ lèmi náà dúró lé. Àmọ́ ó jọ pé ibi ẹsẹ 9 lo ti pa Bíbélì dé, torí ẹsẹ 10 tó tẹ̀ lé e gan-an ló sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni wá, pé ó dá wa nínú Kristi Jésù fún iṣẹ́ rere tóun fúnra ẹ̀ ti pèsè sílẹ̀ pé ká máa rìn nínú ẹ̀. Iṣẹ́ kọ́ la fi ṣílẹ̀kùn wọlé, àmọ́ tá a bá ti wọlé, òun là ń ṣe nínú ilé.

Àwọn kan á ní Jákọ́bù tó sọ pé ìgbàgbọ́ láìsí iṣẹ́ òkú ni, pé ṣe ló ń ta ko Pọ́ọ̀lù. Kódà Martin Luther, ọmọ Jámánì tó léwájú àwọn tó ya kúrò lára ìjọ Kátólíìkì, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ sí Májẹ̀mú Titun tó túmọ̀ sí èdè Jámánì ní 1522, fi lẹ́tà Jákọ́bù wé koríko gbígbẹ lásán, tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé yòókù. Èmi ò gbà pé wọ́n ń jà. Ábúráhámù làwọn méjèèjì fi ṣàpẹẹrẹ, àmọ́ wo ibi tí kálukú ti mú un. Pọ́ọ̀lù, nínú Róòmù orí 4, lọ mú un ní Jẹ́nẹ́sísì 15, lálẹ́ ọjọ́ tí Ọlọ́run ní kó gbójú sókè kó ka ìràwọ̀, tí kò tíì bí ọmọ kankan rárá, tó sì gbà á gbọ́. Jákọ́bù lọ mú un ní Jẹ́nẹ́sísì 22, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí Ísáákì ti dàgbà tó ẹni tó ń ru igi gun òkè. Èèyàn kan náà ni, ìgbàgbọ́ kan náà sì ni, ọ̀kan ń sọ ọjọ́ tó wọlé sínú ọkàn, èkejì ń sọ ọjọ́ tó jáde síta. Àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ náà ò sì jọra, torí àwọn tó ní àfi kéèyàn kọlà kó tó di ti Ọlọ́run ni Pọ́ọ̀lù ń dá lóhùn, àwọn ẹnu-dùn-ún-ròfọ́ sì ni Jákọ́bù kọjú sí, àwọn tí arákùnrin wọn wà níhòòhò tébi ń pa á, tí wọ́n á ní kó máa lọ lálàáfíà, kó yá gágá, kó sì yó, tí wọn ò sì ní fún un ní nǹkan kan. Jákọ́bù ní tó bá jẹ́ gbígbà pé Ọlọ́run kan ló wà ni, àwọn ẹ̀mí èṣù náà gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń gbọ̀n.

Ibi tó là mí lójú gan-an ni Máàkù orí 2. Ní Kapánáúmù, ilé tí Jésù wà kún débi pé ẹnu ọ̀nà ò gbèèyàn mọ́. Àwọn mẹ́rin gbé ẹlẹ́gbà kan dé, wọn ò ráyè wọlé, wọ́n gun orí ilé lọ, wọ́n dá òrùlé onílé lu, wọ́n sọ ọkùnrin náà kalẹ̀ tòun ti ibùsùn ẹ̀. Ẹsẹ 5 wá ní, nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn. Mo ti ń ka ibẹ̀ láti kékeré, ọjọ́ kan ṣáá ni ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró, pé ó RÍ i. Báwo lèèyàn ṣe ń fojú rí ìgbàgbọ́? Kò sí èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn ò tiẹ̀ dárúkọ wọn. Ohun tó wà níbẹ̀ tójú lè rí ò ju òrùlé tó ti lu, erùpẹ̀ tó ń dà sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀, àti ọwọ́ mẹ́jọ tó di ibùsùn mú kó má baà já. Ìyẹn ni Jésù wò tó pè é ní ìgbàgbọ́.

Tàbí kẹ̀, wo Dọ́káàsì ní Jọ́pà, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Nígbà tó kú tí Pétérù dé, àwọn opó dúró tì í, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ẹ̀wù tó rán fún wọn nígbà ayé ẹ̀ han Pétérù. Kò síbi tí wọ́n kọ ìwàásù Dọ́káàsì sí, ẹ̀wù ọwọ́ ẹ̀ ló jẹ́rìí ẹ̀.

Jẹ́ n sọ tèmi fún ẹ. Lọ́sẹ̀ tí ìyá mi kú, fóònù mi ò sinmi, "a ń gbàdúrà fún yín," "Ọlọ́run á tù yín nínú," mo sì mọ̀ pé tọkàntọkàn ni púpọ̀ nínú wọn fi sọ ọ́, mi ò kóyán àdúrà ẹnikẹ́ni kéré. Àmọ́ lálẹ́ Fúráìdè obìnrin kan wá kanlẹ̀kùn, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, a ò ju ká kíra wa lọ, mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀ dáadáa. Kò jókòó. Ó ní, "Aṣọ iléèwé àwọn ọmọ dà?" Ó fọ gbogbo ẹ̀, àpò kọ̀ọ̀kan ló ń yọ síta kó tó rì í bọmi, ó rí kékeré pẹ́ńsù kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú àpò ọmọ mi kejì, ó nu omi kúrò lára ẹ̀, ó rọra tẹ́ ẹ sójú fèrèsé kọ́mọ lè rí i láàárọ̀. Ó kí mi, ó lọ. Mi ò rántí ohun tí wọ́n wàásù lé lórí lọ́sẹ̀ yẹn mọ́ o, àmọ́ mi ò jẹ́ gbàgbé pẹ́ńsù yẹn lójú fèrèsé.

Nítorí náà má lọ forúkọ sílẹ̀ ní gbogbo ẹgbẹ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, á kàn rẹ̀ ọ́ ní oṣù méjì ni, wàá sì padà sórí bẹ́ńṣì ẹ. Sọ́ńdè tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ka oore-ọ̀fẹ́ tán, má tíì lọ. Dúró níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́wàá péré. Bi ẹni tó máa ń jókòó níwájú ẹ lórúkọ, ọdún kọkànlá lo ti ń wo ẹ̀yìn orí ẹ̀. Wò ó bóyá ẹnì kan wà tí ò tíì wá láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó o wá nọ́ńbà ẹ̀, kó o pè é, kì í ṣe láti bá a wí o, láti mọ̀ bóyá ara ẹ̀ le. Tó o bá gbọ́ pé nǹkan ń ṣe é, mú ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ ẹ ká níbẹ̀, kó o ṣe é. Gbogbo wa la mọ Hébérù 10:25 sórí, pé ká má kọ ìpéjọpọ̀ wa sílẹ̀, ẹsẹ 24 tó ṣáájú ẹ̀ la kì í kà, òun ló sì sọ ìdí tá a fi ń pé jọ, pé ká máa kíyè sí ara wa láti ru ara wa sókè sí ìfẹ́ àti iṣẹ́ rere. O ò lè kíyè sí ẹni tó ò mọ orúkọ ẹ̀. Tó o bá sì ti bẹ̀rẹ̀, pe àbúrò ẹ yẹn dání lọ́jọ́ kan, kó bá ẹ gbé nǹkan, má wàásù fún un.

Ìbéèrè: Tèmi yàtọ̀ o. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo wà lára àwọn tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé, èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́, kì í ṣe òun. Ó rẹ̀ mí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá fi sílẹ̀ Ọlọ́run á bínú.

Ìdáhùn: Arákùnrin mi, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Ọlọ́run tẹ́ ẹ rò pé ó máa bínú yẹn náà ló jẹ́ kí Jẹ́tírò, bàbá ìyàwó Mósè, sọ fún Mósè nínú Ẹ́kísódù 18 pé ohun tó ń ṣe ò dáa, pé á tán ara ẹ̀ lókun, òun àtàwọn èèyàn tó ń dúró dè é látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn opó tí wọ́n ń gbójú fò níbi ìpín ojoojúmọ́ dìde nínú Ìṣe orí 6, àwọn àpọ́sítélì ò fi kún iṣẹ́ tiwọn, wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin méje. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ dì mú nìkan, ẹlòmíì wà tó jókòó sórí bẹ́ńṣì tí kò rí ohun tó máa ṣe, ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀, ẹ lọ bá pásítọ̀ yín lójúkojú, ẹ má fi mẹ́sééjì sọ ọ́.

Ti ilé yín ló ń ká mi lára jù. Tímótì Kìíní 5:8 ò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ rárá, ó ní ẹni tí kò bá tọ́jú àwọn ará ilé ẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Owó ilé nìkan kọ́ ni ìtọ́jú. Tẹ́ ẹ bá délé lálẹ́ tẹ́ ẹ jókòó ti ìyàwó yín tẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ dópin láìwo fóònù, iṣẹ́ Olúwa lẹ ṣe yẹn o, kò sẹ́ni tó máa kọ orúkọ yín sínú ìwé nítorí ẹ̀, àmọ́ òun náà ni.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ wa máa ń lọ fún àwọn aláìní ní nǹkan. A máa ń ya fọ́tò, a sì ń gbé e sórí Facebook. Ẹnì kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣé Jésù ò ní ká jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wa mọ́lẹ̀ níwájú èèyàn ni?

Ìdáhùn: Ó sọ bẹ́ẹ̀, Mátíù 5:16, kí wọ́n lè yin Baba yín lógo. Orí tó tẹ̀ lé e náà ló ti ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Èmi máa ń bi ara mi pé ojú ta ló wà nínú fọ́tò yẹn? Tó bá jẹ́ ojú ẹni tó ń gba nǹkan ni, ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí olónìí, torí ọmọ ẹ̀ lè rí i lọ́la, àwọn ojúgbà ẹ̀ náà á rí i, kò sì sí bó ṣe fẹ́ kọ̀ fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé nǹkan dání. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jíṣẹ́ fún àwọn tó dáwó, ẹ kọ iye tó wọlé àti ohun tẹ́ ẹ fi rà, ó ti tó. Ní nǹkan bí ọdún 362, Julian, ọba Róòmù tó fẹ́ dá ìbọ̀rìṣà padà, kọ̀wé sí àlùfáà òrìṣà kan pé ìtìjú ló jẹ́ fáwọn, pé àwọn ará Gálílì, bó ṣe máa ń pe àwa Kristẹni nìyẹn, ń bọ́ tálákà tiwọn, wọ́n tún ń bọ́ tàwọn mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó yà wọ́n ní fọ́tò, ọ̀tá wọn ló rí i tó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, mo ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, orúnkún mi ò gbé mi mọ́, orí fóònù ni mo ti ń gbọ́ ìsìn. Kí ni irú èmi tún lè ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ kú ọjọ́ ogbó, ẹ máa pẹ́ fún wa. Lúùkù orí 2 dárúkọ Ánà, opó, ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin, ààwẹ̀ àti àdúrà ni iṣẹ́ ẹ̀ tọ̀sán tòru, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Jésù wọ tẹ́ńpìlì, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọmọ náà fáwọn èèyàn. Ẹ ní fóònù lọ́wọ́, mà. Ẹ ní kọ́mọ inú ilé bá yín kọ orúkọ márùn-ún síwèé ní lẹ́tà gàdàgbà, abiyamọ tuntun kan, ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́, ẹni tí ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹni tó wà nílé ìwòsàn, àti pásítọ̀ yín, torí kì í sábà sẹ́ni tó ń bi pásítọ̀ pé ṣé ara le. Ẹ máa pe ẹnì kan lóòjọ́. Ẹ gbàdúrà fún un lórí ìlà níbẹ̀, kó gbọ́ orúkọ ara ẹ̀ lẹ́nu yín. Tó bá fẹ́ sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún tán, ẹ má tètè gbé fóònù sílẹ̀.