Èwo gan-an ni kọ̀ǹpútà àdáni àkọ́kọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi nínú ìdánwò pé èwo ni kọ̀ǹpútà àdáni àkọ́kọ́. Àwọn kan kọ IBM PC, àwọn kan kọ Altair, ọmọ kan ṣoṣo kọ Kenbak-1, orúkọ tí èmi gan-an ò gbọ́ rí. Ta ni kí n fún ní máàkì?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ẹ fún ọmọ tó kọ Kenbak-1 ní máàkì kíkún, kí ẹ sì yìn ín lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, torí ó ti kàwé kọjá ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Ẹ yọ ti IBM PC kúrò. Ọdún 1981 ló jáde, bẹ́ẹ̀ Apple II, Commodore PET àti TRS-80 ti wà lọ́jà láti 1977. PC (personal computer, ìyẹn kọ̀ǹpútà àdáni) tó wà nínú orúkọ rẹ̀ ló ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà.

John Blankenbaker ló ṣe Kenbak-1 ní Los Angeles. Ọdún 1971 ló gbé e wá sọ́jà, ní 750 dọ́là. Kò ní sìkírínì, kò ní kíbọ́ọ̀dù. Bótìnì àti iná wẹ́wẹ́ ló wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi 5 sínú rẹ̀, ẹ ó tẹ bótìnì tó dúró fún 4 àti èyí tó dúró fún 1, iná méjèèjì á tàn, ẹ ó wá tẹ òmíràn kó tó lè tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ohun tó lè rántí ò ju byte 256 lọ, byte kan sì tó fún nǹkan bí lẹ́tà kan: ìbéèrè tí ẹ kọ sí mi yìí ò ní gbà sínú ẹ̀. Nǹkan bí 40 péré ni wọ́n rí tà. Síbẹ̀, èèyàn kan ṣoṣo lè rà á, kó gbé e sórí tábìlì, kó sì kọ iṣẹ́ tó bá wù ú fún un. Ohun tí mo ka àdáni sí nìyẹn.

Àwọn tó sọ pé ohun tí kò bá ti ní microprocessor (ṣíìpù kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kò yẹ lórúkọ yìí á mú Micral, tí François Gernelle ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1973. Lóòótọ́, Kenbak-1 ò ní irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n tìtorí wọn ṣe Micral, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo nílé rẹ̀.

Ti Altair 8800 yàtọ̀. Oṣù kìíní 1975 ni ìwé ìròyìn Popular Electronics gbé e síwájú ìwé. Ẹni tó bá ní nǹkan bí 400 dọ́là á ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀, á fi léèdì jó wọn mọ́ra fúnra rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló rà á, òun náà ni Bill Gates àti Paul Allen kọ BASIC (èdè tí èèyàn fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà) fún, tí Microsoft fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dé, àmọ́ òun ló la ọjà. Èmi á fún un ní ìdajì máàkì. Bí ọmọ náà bá kọ ìdí rẹ̀, mo lè fi kún un.

Nígbà míì, ẹ bi wọ́n báyìí: «Kọ̀ǹpútà wo ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe tirẹ̀, kí sì nìdí tí o fi mú un?» Ìdí yẹn ni kí ẹ fi máàkì tó pọ̀ jù sí.