Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ọwọ́ Fífọ̀ àti Àìsàn Inú Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi Ìgbafẹ́

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tí ẹ kọ sí abala ìlera lẹ́nu àìpẹ́ yìí dá lé àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá tí àwọn ènìyàn ń wọ̀ lọ ṣe fàájì lórí òkun, àti àrùn èébì òun ìgbẹ́ gbuuru tí a sábà máa ń gbọ́ pé ó bẹ́ sílẹ̀ nínú wọn. A mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, a sì gé wọn kúrú díẹ̀ kí àyè lè gba ìdáhùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Èmi àti ìyàwó mi ń múra láti wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí a bá sọ fún ló ń dẹ́rù bà wá pé àìsàn inú kì í kúrò nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé kí a fagi lé ìrìn àjò yìí ni?

Ìdáhùn: Ẹ má fagi lé e, sà. Norovirus, kòkòrò àrùn tíntìntín kan lára àwọn tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, ni ó sábà máa ń fa àìsàn tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín yìí, kò sì bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi rárá. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Norwalk, ní ìpínlẹ̀ Ohio lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ó ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1968 tí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀, ó sì di ọdún 1972 kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ awò tí ń mú ohun tíntìntín tóbi rí i. Títí di òní, àjọ CDC, tí ó ń rí sí dídènà àrùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé nínú gbogbo ìbẹ́sílẹ̀ norovirus tí wọ́n ń fi tó àwọn létí, ti ọkọ̀ ojú omi jẹ́ nǹkan bí ìdá 1 péré nínú 100. Àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé oúnjẹ ni ó pín èyí tí ó pọ̀ jù láàárín ara wọn.

Ohun tí ó mú kí ariwo ti ọkọ̀ pọ̀ ni pé òfin ní kí wọ́n máa ka tiwọn. Láti ọdún 1975 ni CDC ti ní ètò kan tí ó ń ṣọ́ ìmọ́tótó ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ tí ó bá lè gba èrò 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ń ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀ wá sí èbúté Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ fi iye àwọn tí ń ṣàìsàn inú ránṣẹ́ kí ó tó gúnlẹ̀, kódà bí kò bá sí ẹyọ ẹnì kan. Bí iye náà bá sì tó ìdá 3 nínú 100 àwọn èrò tàbí àwọn òṣìṣẹ́, CDC yóò kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Èmi ò mọ ilé ìtura orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ka iye àlejò tó bì lóru. Ṣùgbọ́n mi ò ní tan yín o: nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń di irin àtẹ̀gùn kan náà mú, tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnì lífíìtì kan náà, tí wọ́n sì ń fi ṣíbí kan náà bu oúnjẹ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, àrùn tí ẹnì kan bá gbé wọlé yóò tètè ràn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ fi ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju ibi púpọ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn oúnjẹ nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀, òṣìṣẹ́ kan dúró tó ń fín sánítáísà sí ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ fi omi àti ọṣẹ fọwọ́ tèmi, ọ̀rẹ́ mi ní mo ń ṣe àṣejù. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló jàre nínú wa?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ni ẹ jàre, mà, ó sì wù mí kí gbogbo ẹni tó ń ka abala yìí ka ìdáhùn yìí dáadáa, nítorí pé àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ púpọ̀, kì í sì í ṣe ti ọ̀rẹ́ yín nìkan.

Ọtí líle tó wà nínú sánítáísà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí àwọn fáírọ́ọ̀sì tí ọ̀rá bò lára, irú èyí tí ń fa kòrónà tàbí ọ̀fìnkìn ńlá, nítorí pé ó ń yọ́ ọ̀rá náà, fáírọ́ọ̀sì náà á sì bàjẹ́. Norovirus kò ní ìbora ọ̀rá kankan. Èèpo líle ni ó wọ̀ sára, ọtí inú sánítáísà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ọṣẹ pàápàá kì í pa á. Iṣẹ́ tí ọṣẹ ń ṣe ni pé ó ń ká a kúrò lára awọ, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń ká ọ̀rá kúrò lára àwo, tí omi tó ń ṣàn yóò sì gbé e lọ. Nítorí náà, fífi ọwọ́ ra ọwọ́ àti omi tó ń ṣàn gan-an ni oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá ki ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó sì yọ ọ́ kíá kò tíì fọwọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn ni bí ohun tí ń fa àìsàn yìí ti kéré tó. Ẹyọ fáírọ́ọ̀sì náà tí kò tó 100 lè dá alára líle wó, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbẹ́ aláìsàn tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ lè ní ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ nínú. Ìdọ̀tí tí ojú kò lè rí, tó kù sábẹ́ èékánná kan ṣoṣo, ti tó.

Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi kàn án, kí ẹ tó fi ọṣẹ sí i. Ẹ ra àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ẹ ra ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ ki àwọn ìka bọ ara wọn kí àárín wọn lè mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ọwọ́ kan di àtàǹpàkò ọwọ́ kejì mú kí ẹ sì yí i dáadáa, nítorí pé àtàǹpàkò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, òun náà ni a sì fi ń di búrẹ́dì mú. Ẹ ha orí èékánná mọ́ àtẹ́lẹwọ́ tí ọṣẹ wà. Bí òrùka bá wà lọ́wọ́, ẹ sún un sókè kí ẹ fọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì lè fi òrùka sílẹ̀ nínú yàrá títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀, ó tún dára jù. Ó kéré tán, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá 20 kí ẹ tó ṣan ọṣẹ náà dànù. Ẹ fi pépà nu ọwọ́ gbẹ, kí ẹ sì fi pépà náà ti ẹ̀rọ omi pa, kí ẹ tún fi ṣílẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí pé ọwọ́ tí kò mọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣáájú yín fi di ilẹ̀kùn yẹn mú.

Ohun kan tún wà tí àwọn èrò kì í sábà rò. Níbi tí oníkálukú ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀, ènìyàn lè fọwọ́ mọ́ tónítóní, kó wá lọ di ṣíbí ìbuǹjẹ mú, èyí tí gbogbo èrò tó tò síwájú rẹ̀ ti dì mú, kó jókòó, kó sì fi ọwọ́ kan náà gé búrẹ́dì sẹ́nu. Ẹ kọ́kọ́ bu oúnjẹ yín ná, ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ wá lọ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Bí ibi ìfọwọ́ bá jìnnà, ẹ fi fọ́ọ̀kì jẹ ohun gbogbo, kí ọwọ́ yín má kan ẹnu.

Ẹ gba sánítáísà tí wọ́n bá fún yín o, kí ẹ má bá òṣìṣẹ́ náà jà. Ó wúlò fún ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn mìíràn, pàápàá èyí tí ọtí inú rẹ̀ bá tó ìdá 60 nínú 100. Àfikún ni kí ẹ kà á sí, kí ẹ má fi ṣe arọ́pò omi àti ọṣẹ.

Ìbéèrè: Ṣé omi àti yìnyín inú ọkọ̀ ṣe é mu? Àti pé oúnjẹ wo ni kí n ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Wọ́n ń fi kílórínì pa kòkòrò inú omi ọkọ̀, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, nítorí náà ọkàn yín lè balẹ̀ lórí èyí àti lórí yìnyín tí wọ́n fi ṣe. Ìgbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté tí ẹ kò mọ bí omi ibẹ̀ ti rí ni kí ẹ mú omi inú ike tí wọn kò tíì ṣí, kí ẹ jẹ oúnjẹ tó ń gbóná lala, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín bó èso. Ẹ yẹra fún àwọn ẹran omi oníkarawun tí wọn kò sè jinná. Norovirus lè fara da ooru tó tó ìwọ̀n 63 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì, ooru fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sábà fi ń ṣí karawun wọn kò sì tó láti pa á.

Ìbéèrè: Ní òru ọjọ́ kejì tí a wọkọ̀, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin bì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fi táwẹ́lì nu ilẹ̀, mo sì dákẹ́, torí mo bẹ̀rù pé wọn yóò sé wa mọ́ yàrá tí owó ìgbafẹ́ wa yóò sì ṣòfò. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e mọ́, èmi náà dùbúlẹ̀. Kí ló yẹ kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Mo mọ ohun tí ojú abiyamọ máa ń rí bí ọmọ bá ń bì lóru, mi ò sì kọ èsì yìí láti bá yín wí. Síbẹ̀, láì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ bì gan-an ni ó yẹ kí ẹ fóònù sí ilé ìwòsàn inú ọkọ̀. Àìsàn yìí kì í ju wákàtí 12 sí 48 lọ kó tó fara hàn lára ẹni tó kó o, èyí ni ó fà á tí ẹ̀yin fi dùbúlẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá bì, ẹ̀kán kéékèèké tí ojú kò rí máa ń fọ́n ká sórí kápẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀dì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Táwẹ́lì kò lè kó o kúrò. Ńṣe ni yóò tún nà án ká. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní oògùn tó ní kílórínì líle, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dúró dè wọ́n, ẹ gbé ọmọ kúrò níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ibẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi omi ṣan ìgbẹ́ tàbí èébì dànù, ẹ kọ́kọ́ dé ìdérí àga ìgbọ̀nsẹ̀ náà.

Ní ti ìséni-mọ́-yàrá, kò pẹ́ tó bí ẹ ṣe rò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn ń yá láàárín ọjọ́ 1 sí 3, ohun tí CDC sì dámọ̀ràn fún èrò ọkọ̀ ni pé kí ó dúró sínú yàrá títí tí wákàtí 24 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti dáwọ́ dúró. Oúnjẹ yóò máa wá bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, fáírọ́ọ̀sì náà lè máa bá ìgbẹ́ jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà, ẹ máa ṣọ́ ọmọ dáadáa kí ó máa fọwọ́ lẹ́yìn tó bá ti ṣu, kí ẹ̀yin náà sì máa fọ tiyín.

Ìtọ́jú tó ṣe pàtàkì jù ni kí omi ara má gbẹ. Kò sí oògùn tí ń pa norovirus, oògùn apakòkòrò tí a ń lò fún bakitéríà kò sì wúlò fún un. Ẹ béèrè omi oníyọ̀ òun ṣúgà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí ìmutíì 6 ṣúgà tí kò gún orí àti ààbọ̀ ṣíbí ìmutíì iyọ̀ mọ́ omi mímọ́ lítà 1, kí ẹ máa fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀, kí ó má gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà, torí yóò tún bì í. Ẹ má fún ọmọdé ní oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ fún un. Bí ẹnu rẹ̀ bá gbẹ, tó ń sunkún tí omijé kò jáde, tí kò tọ̀ fún wákàtí púpọ̀, tó ń tòògbé ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀. Àgbàlagbà tó ti darúgbó náà kò gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ kí ó tó lọ.

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ nínú ilé ìdáná ọkọ̀ ojú omi. A máa ń wọ ìbọ̀wọ́ ní gbogbo ìgbà. Ṣé ó tún pọn dandan kí n máa fọwọ́?

Ìdáhùn: Ó pọn dandan, àbúrò mi, kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ìbọ̀wọ́ tí ó ti kan ẹran tútù, ìmú rẹ tàbí ọwọ́ fíríìjì ti dọ̀tí gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ lásán, ó sì tún léwu jù ú lọ nítorí pé ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Fọwọ́ kí o tó wọ̀ ọ́, pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkúùgbà tí o bá ti inú iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, kí o sì tún fọwọ́ lẹ́yìn tí o bá bọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro jù fún òṣìṣẹ́ tuntun ni pé kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé inú ń run òun. Sọ ọ́. Ohun tí CDC là sílẹ̀ fún àwọn tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ ni pé kí wọ́n má padà sẹ́nu iṣẹ́ títí tí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí àìsàn náà dáwọ́ dúró, nítorí pé oúnjẹ tí ọwọ́ kan ṣoṣo bá bà jẹ́ lè dé inú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn olùyẹ̀wò CDC tún máa ń wọ ọkọ̀ tó bá wà lábẹ́ ètò wọn láì sọ tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Máàkì 100 ni wọ́n fi ń díwọ̀n, ọkọ̀ tó bá sì gba 85 tàbí tó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ti fìdí rẹmi. Ibi ìfọwọ́ wà lára ohun tí wọ́n máa ń wò: ṣé omi gbígbóná ń jáde, ṣé ọṣẹ àti pépà wà, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n tún ti ń ṣan ẹ̀fọ́ tàbí tí wọ́n ń da omi ìnulẹ̀ sí. Bí o bá débẹ̀ láàárọ̀ tí o rí i pé ọṣẹ ti tán, sọ fún ọ̀gá kí ó wá òmíràn sí i kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.