Ṣé òótọ́ ni pé obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ kì í rí abẹ mú tó ọkùnrin?

Òótọ́ ni, ó kéré tán ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 yẹ àkọsílẹ̀ dókítà 1,271 tó kọ́ iṣẹ́ ojú níbẹ̀ wò, àwọn tó parí láàárín 2005 sí 2017. Iṣẹ́ abẹ kàtáráàtì, ìyẹn kí awò inú ẹyinjú di kùrukùru, tí àwọn obìnrin fọwọ́ ara wọn ṣe kéré sí ti ọkùnrin, tí a bá sì ka gbogbo iṣẹ́ abẹ pọ̀, àlàfo náà ń fẹ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ má sì sọ pé ìsinmi ìbímọ ló fà á o: àwọn ọkùnrin tó gba ìsinmi ọmọ tuntun tiẹ̀ ṣe ju àwọn ọkùnrin tí ò gbà á lọ! Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́ nínú tíátà ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.