Òkété tó ń sá mọ́ ajá lọ́wọ́

Bọ̀dá, ajá yín ò jẹ̀bi o. Ẹ ní ó ń gbó lẹ́nu ihò, ẹ gbẹ́ ẹ títí, ẹ ò bá nǹkan kan. Ẹnu ihò míì lòkété náà gbà jáde, torí ihò rẹ̀ kì í ní ẹnu kan ṣoṣo.

1. Ẹ so ajá mọ́lẹ̀ ná, kẹ́ ẹ yí ibẹ̀ po, ẹ wo abẹ́ ewé gbígbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ lè rí gbogbo ẹnu ihò náà.
2. Ẹ fi òkúta dí àwọn ẹnu yòókù, ẹ fi àwọ̀n bo ẹyọ kan. Àwọn òyìnbó tó ń fi ẹranko kékeré tó ń jẹ́ ferret lé ehoro jáde nínú ihò gan-an, àwọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ ń dẹ.
3. Ìgbà yẹn lẹ wá máa gbẹ́.

Ọ̀sán nìkan ló ṣeé ṣe o, òkété máa ń jáde lọ jẹ̀ lálẹ́, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ nígbà yẹn ihò òfìfo lẹ máa bá. Ẹ má sì tọwọ́ bọ ihò, mo ṣe é lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, nǹkan tútù kan wọ́ kọjá lọ́wọ́ mi, ejò ni àbí kí ni, mi ò dúró wò ó.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ igbó Ọ̀ṣun lẹ ń gbé, ẹ má dán an wò nínú ibẹ̀, wọn ò gbà kéèyàn ṣọdẹ níbẹ̀ rárá.